Ohun Tí Láíbìrì Ààbò Ń Sọ Nígbà Tó Bá Kọ̀

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìṣòro tó máa ń bá àwọn tó ń kọ kóòdù fínra nígbà tí wọ́n bá ń lo láíbìrì tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Enugu ni a wà, ìlú tí èédú tẹ̀ dó, tó sì ti di ìlú ilé-ẹ̀kọ́: ọgbà Yunifásítì Nàìjíríà kan wà níbí, IMT tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973 wà níbí, ESUT náà wà níbí. Ọdọọdún ni àwọn agùnbánirọ̀ láti Ìbàdàn, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti Ìlọrin ń gba àgọ́ Awgu wọ ìpínlẹ̀ yìí, àwọn kan nínú wọn sì ti mọ kóòdù í kọ kí wọ́n tó dé. Àwọn ni mo ń bá wí jù, àti àwọn olùkọ́ wọn, àti àwọn oníṣòwò tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn.

Láíbìrì tí mò ń sọ ni OpenSSL. Kì í ṣe òun nìkan ló wà, ṣùgbọ́n òun ló gbilẹ̀ jù nínú irú rẹ̀. Ní ìparí 1998 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lábẹ́ orúkọ yìí, lórí ìpìlẹ̀ SSLeay tí Eric Young àti Tim Hudson ti kọ sílẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí ilé ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ké sí Paystack tàbí Remita pé kí wọ́n bá òun gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, abẹ́ ààbò TLS ni ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà lọ, kí ó sì gbà bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ sáfà, OpenSSL tàbí ìbátan rẹ̀ kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń yí ọ̀rọ̀ padà kí ẹlòmíràn má lè kà á, ó ń rí i pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà, ó sì ń wádìí bóyá ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó pe ara rẹ̀ lóòótọ́. Ìwádìí yìí ló máa ń fa wàhálà jù fún ẹni tó ń kọ kóòdù. Òun náà ni ẹni tí iṣẹ́ bá ń lé léré máa ń kọ́kọ́ pa.

Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lónìí nìyí. Nígbà tí láíbìrì ààbò bá kọ̀ fún wa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ gbé e síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wá ọ̀nà kí àṣìṣe ṣáà ti pòórá lójú kọ̀ǹpútà, láìmọ ohun tó fà á, lè ba nǹkan jẹ́ ju bí ètò náà ì bá ṣe bà á jẹ́ ká ní kò ṣiṣẹ́ rárá. Wíwá ìdí àṣìṣe jẹ́ apá kan iṣẹ́ ààbò. Ó dà bí ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé àwọn tó mọ iṣẹ́ dunjú ti kọsẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ayé ló sì jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux tó lókìkí jù. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Ubuntu lé, Ubuntu yìí sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò. Ní 2006, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Valgrind, tó máa ń ṣọ́ bí ètò ṣe ń lo ìrántí kọ̀ǹpútà, ń pariwo lórí OpenSSL. Ó ní kóòdù náà ń ka ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí nínú ìrántí. Ariwo yìí ń yọ àwọn tó ń fi OpenSSL kọ ètò tiwọn lẹ́nu, torí pé àárín rẹ̀ ni àṣìṣe tiwọn ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó ń bójú tó OpenSSL fún Debian yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé ìlà kan náà ló ń fa ariwo ní ibi méjì nínú fáìlì md_rand.c. Ìlà náà nìyí: MD_Update(&m,buf,j). Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ OpenSSL bóyá òun lè yọ ọ́ kúrò, ìdáhùn tó rí gbà kò sì dá a dúró. Ó yọ méjèèjì, ariwo dákẹ́. Láti oṣù Kẹsàn-án 2006 ni ẹ̀yà tí wọ́n ti yọ wọ́n ti wọ inú Debian.

Ìlà méjèèjì bára mu ní lẹ́tà dé lẹ́tà, iṣẹ́ wọn ni kò bára mu. Ọ̀kan wà níbi tí OpenSSL ti ń fún ètò ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ tẹ́lẹ̀. Èyí ṣeé yọ. Àwọn tó kọ OpenSSL fúnra wọn ti fi àyè sílẹ̀ nínú kóòdù náà pé kí ẹni tó bá ń lo irinṣẹ́ bíi Purify lè pa á nígbà tó bá ń kọ́ láíbìrì náà. Ìkejì wà níbi tí OpenSSL ti ń gba gbogbo ohun àìròtẹ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ bá kó jọ, tó ń pò wọ́n mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ kọ́kọ́rọ́ tí yóò jáde. Bí wọ́n ṣe yọ ìkejì yìí ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń kó jọ bẹ̀rẹ̀ sí lọ sófo. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù tó ń yàtọ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Linux máa ń fún ètò kọ̀ọ̀kan tó bá ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà yẹn kì í sì í kọjá 32,768 nígbà náà lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò yí i padà. Ìyẹn ni pé fún irú kọ́kọ́rọ́ kan lórí irú ẹ̀rọ kan, iye kọ́kọ́rọ́ tó lè jáde lórí gbogbo Debian àti Ubuntu tó wà láyé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lásán lè ṣe gbogbo wọn sílẹ̀, kó sì máa fi wọ́n dán ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 2008 ni Debian tó kéde àbùkù yìí, lẹ́yìn tí Luciano Bello ṣàwárí rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan àbọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ohun kan tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́: kọ́kọ́rọ́ ń jáde, sáfà ń dáhùn, àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Àfi ìgbà tí ìròyìn dé tí àwọn alábòójútó ẹ̀rọ káàkiri ayé wá ń sáré tún kọ́kọ́rọ́ SSH, kọ́kọ́rọ́ OpenVPN àti ìwé-ẹ̀rí sáfà ṣe. Kọ́kọ́rọ́ DSA tí wọ́n ṣe sórí ẹ̀rọ tó dára pàápàá kò bọ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan péré lórí Debian alábùkù yìí, nítorí gbogbo ìgbà tí DSA bá fẹ́ buwọ́ lu nǹkan ló ń fẹ́ nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ tuntun, bí ẹnìkan bá sì ti mọ nọ́ńbà yẹn, ó ti mọ kọ́kọ́rọ́ náà.

Ẹnìkan lè ní mo ń fi ìyà jẹ ẹni tó gbìyànjú, torí ọkùnrin yẹn kò dédé gé kóòdù. Ó béèrè kó tó yọ ọ́. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀rí yìí fi wúwo lójú mi. Bí ó bá jẹ́ aláìbìkítà ni, à bá kàn dá a lẹ́bi ká máa lọ. Àmọ́ ó ṣe ohun tí a máa ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí wọ́n ṣe: ó ka kóòdù, ó lọ bá àwọn tó ni ín. Ibi tó ti ṣì í ni pé ìbéèrè rẹ̀ dá lórí bí ariwo yóò ṣe dákẹ́. Kò béèrè pé kí ni ìlà yìí ń ṣe níbí, kí ni ó sì ń ṣe ní ibi kejì yẹn? Àwọn tó dá a lóhùn náà dáhùn ohun tó bi wọ́n. Ó sì jọ pé kò sí ẹni tó ṣe ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn àtúnṣe náà láti wò ó bóyá wọ́n ń bára mu.

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló le tó èyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wárìrì níwájú compiler. Àwọn tó máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó ń compile pẹ̀lú OpenSSL kì í le. Bí compiler bá sọ pé openssl/ssl.h: No such file or directory, ohun tó ń sọ ni pé òun kò rí ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn iṣẹ́ láíbìrì náà sí. Ọ̀dọ́ á sì máa jiyàn pé OpenSSL wà lórí ẹ̀rọ òun, ṣebí Python àti curl ń lò ó. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá tí ètò ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí apá tí compiler ń kà, Debian àti Ubuntu sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: libssl-dev lẹ ó fi kún un, lórí Fedora ó ń jẹ́ openssl-devel. Bí compiler bá ti ṣe tiẹ̀ tán tí linker wá ní undefined reference to SSL_CTX_new, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìwé orúkọ. Iṣẹ́ náà gan-an ni kò rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wọ́n kọ -lssl àti -lcrypto sí ló fà á: wọ́n kọ ọ́ ṣáájú orúkọ fáìlì tiwọn, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló yẹ kó wà, kí -lssl sì ṣáájú -lcrypto. Nígbà mìíràn, configure tó ti pẹ́ lè sọ pé kò sí láíbìrì níbẹ̀ rárá nígbà tó wà níbẹ̀, torí pé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SSL_library_init ló ń wá, iṣẹ́ náà kò sì sí nínú láíbìrì mọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀yà 1.1.0 ti jáde ní oṣù Kẹjọ 2016. Ẹ̀yà kan náà yìí ló pa inú àwọn nǹkan bíi RSA mọ́, tí kóòdù àtijọ́ tó máa ń nawọ́ sínú wọn tààrà fi ń gbọ́ incomplete type. Gbogbo èyí, bí a bá fara balẹ̀ kà á, ibi tí ìṣòro wà ló ń tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n kódà ní ìpele yìí, ọ̀nà àbùjá lè di ewu. Ní oṣù Kẹrin 2022 ni Ubuntu 22.04 jáde pẹ̀lú OpenSSL 3.0, kò sì gbé ẹ̀yà 1.1 wá mọ́. Ètò tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kígbe pé libssl.so.1.1: cannot open shared object file. Ohun tí ọ̀pọ̀ ṣe ni pé wọ́n lọ wá fáìlì láíbìrì àtijọ́ níbi tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, ètò ṣiṣẹ́, ó parí. Àwọn mìíràn tiẹ̀ mú libssl.so.3, wọ́n fún un ní orúkọ ti àtijọ́, bí ẹni pé orúkọ ni ètò náà ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni àwọn olùkọ OpenSSL fi òpin sí àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ẹ̀yà 1.1.1. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ lónìí láìsanwó fún ẹni tí yóò máa tún un ṣe ti gbé láíbìrì tí kò ní alábòójútó síwájú owó àti àṣírí àwọn ènìyàn. A kò sì tíì gbàgbé Heartbleed. Àbùkù náà wà nínú OpenSSL láti ẹ̀yà 1.0.1 tó jáde ní oṣù Kẹta 2012, ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 2014 ni wọ́n sì tó kéde rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè bi sáfà léèrè kí sáfà tú ìrántí rẹ̀ tó 64 kilobyte jáde lẹ́ẹ̀kan, kó sì tún béèrè, kó tún béèrè. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ sáfà pàápàá lè wà nínú ohun tó bá jáde. Ẹ̀yà 1.0.1g ló tún un ṣe, àmọ́ àtúnṣe kò wúlò fún ẹni tí láíbìrì rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ bá béèrè libssl.so.1.1, ìdáhùn tó tọ́ ni kí a tún ètò náà compile pẹ̀lú ẹ̀yà tó wà lórí ẹ̀rọ, tàbí kí a gba ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Àṣẹ ldd yóò fi láíbìrì tí ètò ń lò hàn wá, openssl version -a yóò sọ ẹ̀yà tó wà nílẹ̀ àti ibi tó ti ń wá ìwé-ẹ̀rí. Kò tó ìṣẹ́jú kan láti béèrè méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti gbóná jù ni èyí tó ń bọ̀ yìí. Ètò ti compile, ó ti ń ṣiṣẹ́, ó ké sí sáfà ibi ìsanwó, sáfà fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ hàn, OpenSSL wá ní certificate verify failed. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún àwọn tí yóò sọ fún ọ̀dọ́ pé kó kọ verify=False sí i ní Python, kó fi -k sí curl, kó sọ CURLOPT_SSL_VERIFYPEER di òfo ní PHP, kó lo SSL_VERIFY_NONE ní C, tàbí kó kọ NODE_TLS_REJECT_UNAUTHORIZED=0 bó bá jẹ́ Node. Gbogbo wọn máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí fíùsì rẹ̀ jó tó wá fi wáyà gbọọrọ dí ojú rẹ̀: iná tàn, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó gé iná nígbà ewu kò sí mọ́. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ ṣì ń lọ ní bíbò, àmọ́ ètò náà kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bò fún mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sáàárín, lórí Wi-Fi ilé oúnjẹ tàbí ti ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, lè na ìwé-ẹ̀rí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí i, ètò yóò sì kó nọ́ńbà káàdì àti kọ́kọ́rọ́ ìsanwó fún un láìjanpata.

Àwọn kan yóò ní ta ló máa wá jókòó sáàárín tèmi? Ní 2012, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Texas ní Austin àti Stanford yẹ ọ̀pọ̀ ètò tí kì í ṣe bráúsà wò, wọ́n sì rí i pé láíbìrì ìsanwó tó ń so ilé ìtajà pọ̀ mọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá bí Amazon àti PayPal kì í wádìí ìwé-ẹ̀rí dáadáa. Ọ̀kan lára ohun tó fà á kéré lójú: CURLOPT_SSL_VERIFYHOST ń fẹ́ 2, àwọn ènìyàn ń kọ true sí i, PHP sì ń ka true sí 1, èyí tí kò jẹ́ kí curl ìgbà náà fi orúkọ tó wà nínú ìwé-ẹ̀rí wé orúkọ sáfà. Ti pé ẹnìkan lè jókòó sáàárín, ọdún 2011 ti jẹ́rìí sí i. Àwọn kan wọ inú DigiNotar, iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ní Netherlands, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìwé-ẹ̀rí fún google.com, wọ́n sì lò ó láti yọ́ ka ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ní Iran. Ẹ wo bí àṣírí ṣe tú. Google ti kọ sínú Chrome irú ìwé-ẹ̀rí tó yẹ kí Google ní, nítorí náà Chrome kọ̀, ó gbé ìkìlọ̀ jáde. Ẹnìkan ní Iran rí ìkìlọ̀ náà, kò tẹ̀ ẹ́ kọjá, ó fi tó Google létí. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà tó parí, DigiNotar ti wọ gbèsè, ó ti kógbá sílé. Ká ní Chrome rẹ̀ ti gba wáyà dípò fíùsì ni, ta ni ì bá mọ̀?

Ohun tó wà nídìí verify failed sì sábà máa ń rọrùn láti rí. Nọ́ńbà wà lára àṣìṣe náà, nọ́ńbà náà sì ní ìtumọ̀. Bó bá jẹ́ 20, OpenSSL kò rí ìwé-ẹ̀rí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí sáfà: ó lè jẹ́ pé àkójọ ìwé-ẹ̀rí tó wà lórí ẹ̀rọ kò sí níbi tí ó ti ń wá a, ó sì lè jẹ́ pé sáfà náà kò fi ìwé-ẹ̀rí àárín, èyí tó so tirẹ̀ mọ́ ìwé-ẹ̀rí àgbà, ránṣẹ́. Pé ó ṣí ní Chrome kì í ṣe ẹ̀rí pé sáfà fi í ránṣẹ́, torí Chrome máa ń lọ wá ìwé-ẹ̀rí àárín fúnra rẹ̀, OpenSSL kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ 10, ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé-ẹ̀rí kan nínú wọn. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021, nígbà tí ìwé-ẹ̀rí àgbà kan tí Let's Encrypt ti ń gbára lé, DST Root CA X3, kú. Sáfà kò yí padà, kóòdù kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ṣì ń lo OpenSSL 1.0.2 bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé-ẹ̀rí tó dára, torí ojú ọ̀nà tó ti kú ló ṣáà ń tọ̀. Bó bá jẹ́ 9, OpenSSL ní ìwé-ẹ̀rí náà kò tíì tó àkókò tí wọ́n yóò máa lò ó. Ní Enugu níbí, bí ó ti rí ní Ìbàdàn, tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo aago. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú máa ń padà sí ọjọ́ àtijọ́ bí iná bá ti lọ, Raspberry Pi àtijọ́ kò sì ní aago tó ń rántí rárá. Ẹ̀rọ tó gbà pé ọdún 2015 ni a wà yóò kọ gbogbo ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí, yóò sì jàre. Bátìrì ló ń fẹ́, kò fẹ́ verify=False.

Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo èyí láìkọ kóòdù kankan, kó tẹ openssl s_client -connect, orúkọ sáfà àti :443, kó fi -servername àti orúkọ náà tẹ̀ lé e, kó tún fi -showcerts sí i. Yóò rí ìwé-ẹ̀rí tí sáfà fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ìdájọ́ nísàlẹ̀ lábẹ́ Verify return code. Nínú kóòdù C, SSL_get_error ni ẹ ó kọ́kọ́ bi. Bó bá dá yín lóhùn pé SSL_ERROR_WANT_READ, kò sí ohun tó bàjẹ́; ó kàn ní kí ẹ padà wá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé. Bó bá jẹ́ SSL_ERROR_SYSCALL, ojú ọ̀nà ni kí ẹ wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 tí wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 gé nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà fi dákú, irú ẹni tó ń tún kóòdù TLS rẹ̀ kọ lọ́jọ́ yẹn ń ṣe wàhálà lásán. Bó bá jẹ́ SSL_ERROR_SSL, ẹ ka ìlà tí ERR_print_errors_fp yóò tẹ̀ jáde, kí ẹ sì rántí pé OpenSSL máa ń to àṣìṣe síra wọn fún thread kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a kò kà, tí a kò sì fi ERR_clear_error nù, lè padà wá fara hàn níwájú iṣẹ́ mìíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi ohun kan kún un kí ọ̀rọ̀ mi má bàa dà bí ẹni pé àìsí àṣìṣe ni àlàáfíà. Ẹni tó kọ SSL_VERIFY_PEER sí kóòdù C rẹ̀ tí kò sì pe SSL_set1_host, tó wà láti ẹ̀yà 1.1.0, ti ní kí OpenSSL wádìí bóyá ìwé-ẹ̀rí náà jẹ́ ojúlówó. Kò tíì ní kó wádìí bóyá ti ẹni tí òun ń wá ni. Ìwé-ẹ̀rí ojúlówó tí olè kan gbà fún orúkọ tiẹ̀ yóò wọlé láìsí ariwo kankan. Nítorí náà, ó yẹ kí á máa wá àṣìṣe lọ síbi tó yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí ètò yín ké sí wrong.host.badssl.com àti expired.badssl.com, tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún irú ìdánwò yìí. Bí ètò yín bá wọ ọ̀kan nínú méjèèjì láìkọ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni ti oníṣẹ́ tó ní oníbàárà ń dúró, dátà wọ́n, iná fẹ́ lọ, ìdánwò lásán sì ni òun pa ìwádìí ìwé-ẹ̀rí fún. Ó ní òun yóò tan án padà tó bá yá. Mo mọ̀ pé ìyà iṣẹ́ náà kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò rán ẹni náà létí láti tan án padà, torí ohun tó ń ránni létí gan-an ló pa. Bó bá jẹ́ pé sáfà ìdánwò tiẹ̀ ni, ó lè fi ìwé-ẹ̀rí sáfà náà sínú fáìlì kan, kó sọ fún ètò pé kó gba ìwé-ẹ̀rí yẹn nìkan gbọ́. Ìlà kan náà ni yóò kọ, ààbò kò sì ní kúrò. Ẹni tí ètò náà ń kó ìsọfúnni rẹ̀ sì ti ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin báyìí. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 ní kí ẹni tó bá ń kó ìsọfúnni àwọn ènìyàn jọ dáàbò bò ó bó ti yẹ, bí ó bá sì tú síta lọ́nà tó lè ṣe wọ́n níkà, kó fi tó àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin náà létí láàárín wákàtí 72. Oníṣòwò tó ní kí iṣẹ́ parí lónìí kò mọ̀ pé ìlà tí wọ́n pa yẹn lè gbé òun dé iwájú àjọ ìjọba. Ẹni tó kọ kóòdù ló mọ̀, òun ló sì yẹ kó sọ.

Àwọn mìíràn ní àṣìṣe OpenSSL kò ṣeé kà, wọn ò sì purọ́. Ètò tó bá lọ bá ibi tí sáfà ti ń sọ HTTP lásán máa ń gbọ́ wrong version number, èyí tí yóò gbé ẹni tí kò mọ̀ lọ sídìí ẹ̀yà TLS tí kò sí níbi ọ̀rọ̀ náà rárá. Ètò Node tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú webpack àtijọ́, nígbà tí Node 17 gbé OpenSSL 3 wọlé, gbọ́ digital envelope routines::unsupported, nígbà tí ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé webpack ń béèrè MD4, OpenSSL 3 sì ti gbé MD4 jù sẹ́yìn nítorí pé kò ní ààbò mọ́. Àlàyé báyìí ni ọ̀dọ́ ń fẹ́, ó sì ṣeé kọ ní Yorùbá, ó ṣeé kọ ní Igbo, kí ó wà lára ògiri yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Mo sì fẹ́ bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé nígbà tí ẹ bá ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò, ẹ má kàn ní kí wọ́n kọ ètò tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ètò tí ó ti bàjẹ́ fún wọn: kí aago ẹ̀rọ kan wà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí ẹ̀rọ kejì ní libssl-dev ẹ̀yà kan àti láíbìrì ẹ̀yà mìíràn ní /usr/local, kí sáfà kẹta máa fi ìwé-ẹ̀rí tó ní orúkọ ẹlòmíràn hàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí àṣìṣe sọ sílẹ̀, ohun tó fà á, àti bó ṣe mọ̀ pé òun ló fà á, kó tó fọwọ́ kan kóòdù. Kí máàkì tó pọ̀ jù sì wà níbẹ̀.